Àgádágodo wà lẹ́nu àpótí, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ọ̀rọ̀ ìwé àwìn àwọn oníṣòwò Petit Marché ní Niamey

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ Niamey rí, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, kò ní í ṣàìmọ Petit Marché. Orúkọ Faransé ni, ọjà kékeré sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì í mú fún Grand Marché, ọjà ńlá, èyí tí iná jó ní ọdún 1982 kí wọ́n tó tún un kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni kékeré yẹn. Àárín gbùngbùn ìlú ni ọjà náà wà. Tòmátì, àlùbọ́sà, ata, ẹ̀fọ́, máńgòrò àti ẹran ló kún inú rẹ̀. Èdè Zarma àti Háúsá ló ń dún níbẹ̀ jù, Faransé sì ni èdè ìwé ìjọba. Àwọn ọmọ Yorùbá náà kì í ṣe àjèjì ní ìlú yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Yarbawa ni àwọn Háúsá ń pè wá, òwò ni wọ́n sì fi mọ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá oníṣòwò kan níbẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àpẹẹrẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni. Èròjà ọbẹ̀ ni ìyá yìí ń tà, àwọn alátùntà sì ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà kan rí, inú ìwé ẹlẹ́yìn líle ni ó ń kọ gbèsè sí. Lónìí, ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká: orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, àwòrán káàdì ìdánimọ̀, iye sẹ́fà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ, ọjọ́ tí yóò san án. Ní òru ọjọ́ kan, olè já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ.

Kí ni olè gbé? Àwọn ará ọjà yóò ní kọ̀ǹpútà ni. Wọn yóò bá ìyá kẹ́dùn, wọn yóò ní kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ó bá kọ̀ǹpútà yẹn lọ. Èkíní, ìyá kò mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ mọ́. Èkejì, ẹni tí kò mọ̀ rí ti mọ gbogbo ẹni tí ó jẹ ẹ́. Olè yẹn lè pe oníbàárà lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì pé, “Ìyá ló rán mi o, wọ́n ní kí ẹ fi owó tí ẹ jẹ àwọn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí.” Ó mọ iye náà, ó mọ ọjọ́ àdéhùn. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ọ̀rọ̀ nǹkan méjèèjì yìí ni a gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ìpamọ́ fún oníṣòwò máa ń sọ nípa bí olè kò ṣe ní í rí i kà, wọn kì í sọ bí ẹni tí ó ni í yóò ṣe tún un rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà tí ó wà ní Gánà ní ọdún 1969 kò lè gbàgbé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ wá ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò ní ìlú. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti ọ̀pọ̀ ìlú wa mìíràn tí ó ti ṣòwò ní Tamale, Kumasi àti Accra di ẹrù wọn ní wàràwàrà. Ẹrù ọjà ṣeé tà ní ọ̀pọ̀. Ilé ṣeé fi sọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà, inú ìwé ni gbogbo agbára rẹ̀ wà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sì sọnù lójú ọ̀nà, owó rẹ̀ ti sọnù nìyẹn.

Ẹ má sì sọ pé ti àtijọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey. Kí oṣù náà tó parí, ECOWAS ti kéde pé kí wọ́n ti ẹnu ibodè. Náìjíríà dáwọ́ iná mànàmáná tí ó ń fi ránṣẹ́ sí Niger dúró, bẹ́ẹ̀ ara iná yẹn ni Niamey gbójú lé jù. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ECOWAS tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjẹniníyà náà. Oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìhà kan ibodè tí ìdílé rẹ̀ sì wà ní ìhà kejì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí àkọsílẹ̀ òwò kò fi yẹ kí ó wà ní ojúkan ṣoṣo.

ÀRÒKÒ ÒDE ÒNÍ

Ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní encryption kò ṣàjèjì sí wa. Ó jọ àrokò. Bí ẹnì kan láyé àtijọ́ bá so ẹyọ owó mẹ́fà mọ́ okùn tí ó fi ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ìránṣẹ́ tí ó gbé e rìn lè máà mọ ohunkóhun, ẹyọ owó lásán ni ó rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ ṣe ń sọ àkọsílẹ̀ di ohun tí kò ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tí tòde òní fi yàtọ̀ ni pé ọgbọ́n rẹ̀ kò pamọ́ rárá. Èyí tí ayé ń lò jù, tí wọ́n ń pè ní AES, ọmọ ilẹ̀ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ni wọ́n ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni ló lè ka bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni àṣírí. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá jẹ́ oníbíìtì 256, iye kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣeé ṣe jẹ́ nọ́ńbà tí ó gùn tó díjíìtì 78. Olè tí ó bá fẹ́ máa gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yóò kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò kú, kò ní tíì ṣí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tí ó ń polówó pé ẹ̀rọ tòun ní ọgbọ́n ìkọ̀kọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Àṣìṣe kan wà tí ó pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí kọ̀ǹpútà ń béèrè ní òwúrọ̀ ti tó. Kò tó o. Bí wọn kò bá sọ inú hard disk náà di àrokò, olè yóò kàn tú u jáde, yóò fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò sì máa ka ìwé yín bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni ẹ tì, ògiri ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti jìn sí kòtò yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ilé iṣẹ́ owó orí wọn fi àwo CD méjì ránṣẹ́ sí London, àwo náà sì di àwátì. Àkọsílẹ̀ gbogbo ìdílé tí ń gba owó ọmọ ló wà nínú rẹ̀, ènìyàn mílíọ̀nù 25, pẹ̀lú orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà báńkì. Àwọn ará wa tí ń tọ́mọ ní ìlú Ọba wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà lórí àwo náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di àrokò. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, Paul Gray, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

Èyí tí ó tún sún mọ́ wa jù ni ti Gánà. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ra hard disk tòkunbọ̀ ní Tema. Dọ́là 40 ni wọ́n ra ọ̀kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìwé àdéhùn iṣẹ́ láàárín Northrop Grumman, ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba Amẹ́ríkà, àti àwọn àjọ ìjọba ilẹ̀ náà ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọ́lé kankan. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé ọjà wa. Bí irú ilé iṣẹ́ yẹn bá lè gbàgbé báyìí, kí ni kí á sọ nípa kọ̀ǹpútà tí àwa ń tà fún alátùnṣe nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti fọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n ti tì láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ó kàn pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ run, ó parí.

ÈWO NI KÍ OLÓWÒ RÀ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara fóònù, nítorí kò ní í ná yín ní kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí Android 10 ti jáde ní ọdún 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan pé kí inú fóònù tuntun tí ó bá ń lò ó jẹ́ àrokò. iPhone ti ń ṣe é ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn gidi sí ojú fóònù. Ẹni tí ó lo 1234 kò ti nǹkan kan. Memory card tí ẹ kì bọ ẹ̀gbẹ́ fóònù kì í sì í sábà sí lábẹ́ ààbò yìí. Bí àwòrán káàdì ìdánimọ̀ oníbàárà bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá yọ ọ́ ti rí i.

Tí ó bá kan kọ̀ǹpútà, Windows tí wọ́n ń pè ní Pro ní BitLocker nínú, Mac ní FileVault. Windows ti Home ní èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwọn ẹ̀rọ kan. Ẹ ní kí ẹni tí ń tà á ṣí i hàn yín kí ẹ tó sanwó. VeraCrypt wà fún ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé yóò mú kí ẹ̀rọ máa wọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2010 ni wọ́n ti ń fi agbára iṣẹ́ yìí sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an. Tòkunbọ̀ tí ó ti gbó jù nìkan ni yóò ṣe ọ̀lẹ.

Hard disk ìta, èyí tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ pé ó ti fúnra rẹ̀ pa, ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Radboud ní Netherlands, Carlo Meijer àti Bernard van Gastel, yẹ irú disk bẹ́ẹ̀ wò, ti Samsung àti ti Crucial. Wọ́n rí i pé a lè ṣí àwọn kan nínú wọn láìmọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rárá. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé BitLocker ìgbà náà, bí ó bá rí i pé disk sọ pé òun lè ti ara òun, a gbà á gbọ́, a sì jókòó. Lẹ́yìn èyí ni Microsoft yí i padà kí BitLocker máa fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ èmi ni pé kí n fi ètò inú kọ̀ǹpútà ti disk náà fúnra mi, ohunkóhun tí ì báà wà lára páálí.

Àwọn tí òwò wọn ti gbòòrò, tí akọ̀wé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń lo ìwé kan náà, máa ń ra àpótí tí wọ́n ń pè ní NAS, irú ti Synology tàbí QNAP, tí ó ní disk méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára. Ẹ kàn rántí béèrè ìbéèrè kan: nígbà tí iná bá lọ tí ó sì dé, ṣé àpótí náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ara rẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Olè tí ó bá gbé e odindi lọ sílé yóò kàn fi iná sí i ni. Disk méjì inú rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀dà méjì, nítorí iná tí ó bá jó ọ̀kan yóò jó èkejì.

Cloud ńkọ́? Ẹni tí ń tà á yóò sọ pé àrokò ni gbogbo rẹ̀. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ wà, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ti ìwé rẹ̀ pa lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí ó tó fi í sókè. Ìyẹn ṣì kéré, tí a bá fi wé ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní òpin oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìbò Ààrẹ ní Niger, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Náìjíríà, Gánà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìhà wa sì wà nínú ìnira. Oníṣòwò tí ìwé àwìn rẹ̀ wà lójú ọ̀run nìkan yóò máa wo ojú ọ̀run ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé ẹ̀rọ tí a tì yóò gbà yín lọ́wọ́ gbogbo olè. Èyí tí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣí ilẹ̀kùn, ohun tí ẹ̀yin ń kà ni òun náà ń kà. Ní oṣù Kíní ọdún 2022, àwọn ọ̀daràn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní DeadBolt wọ inú àpótí QNAP káàkiri ayé, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn ti ìwé onílé mọ́ onílé, wọ́n sì ní kí ó san bitcoin 0.03 kí àwọn tó ṣí i. Àfi ẹni tí ó ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn, tí okùn kankan kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ló lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

KỌ́KỌ́RỌ́ GAN-AN NI ỌJÀ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa ní Petit Marché. Ó ti wá ra òmíràn, ọmọkùnrin tí ń ta ẹ̀rọ sì ń polówó.

“Ìyá, èyí tí ó lágbára jù lẹ gbé dání yìí o. Kò sí olè tí ó lè ṣí i.”

“Ọmọ mi, bí èmi alára bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ ò ní í gbàgbé, Ìyá.”

Ẹni tí ó bá dáhùn báyìí, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Stefan Thomas ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ìwé ìròyìn New York Times gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kíní ọdún 2021. Kọ́kọ́rọ́ bitcoin 7,002 wà nínú IronKey rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí ó ti pa. Ó sọ ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí nù. Ìgbà mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ náà gbà kí ènìyàn gbìyànjú, ó sì ti lo mẹ́jọ. Nígbà náà, owó ọ̀hún lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó ṣe gan-an ló ń ṣe.

BitLocker máa ń fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ àfẹ̀yìntì, díjíìtì 48. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan náà tí wọ́n tì! Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí á ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí kí á tó tì í. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ ta ni kí ó wà? Ìbéèrè yìí le ju iye owó ẹ̀rọ lọ, nítorí bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni náà sì kú tàbí tí ó bínú lọ, òwò ti dojú dé.

Orílẹ̀-èdè Niger fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní Maradi ní ọdún 1991, àjọ CARE bá àwọn obìnrin abúlé dá ẹgbẹ́ àkójọ owó tí wọ́n ń pè ní Mata Masu Dubara sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Àpótí owó wọn sábà máa ń ní àgádágodo mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ wọn dání, àpótí fúnra rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Èmi kò tíì rí ọgbọ́n ìpamọ́ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn tó o. Ìyá wa lè pín díjíìtì 48 yẹn sí méjì: kí ìdajì wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ní Niamey, ìdajì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ilé. Kò sí èyí tí ó lè dá ṣí i nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá sí, àwọn méjèèjì lè ṣí i. Kí ìyá sì ní odindi rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ibí yìí ni èrè gidi wà, tí àwọn olùpolówó kì í mẹ́nu bà. Ìwé tí a kò tì ń ba ènìyàn lẹ́rù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nítorí bí ẹ̀dà bá ṣe ń pọ̀ ni ojú tí ó lè rí i ń pọ̀. Èyí tí a ti tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè fún awakọ̀ tí ń gba Birni N'Konni lọ sí Ìlẹ́là. Ẹ lè fi sílé ẹ̀gbọ́n yín ní Ṣakí. Bí ó bá sọnù lójú ọ̀nà, irin lásán ló sọnù. Ohun tí àwọn ará Gánà ọdún 1969 ì bá fi ohun gbogbo rà nìyẹn.

Òfin náà ti wà ní ìhà méjèèjì ibodè. Niger ṣe òfin ààbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Náìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ó dárúkọ encryption gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ọ̀nà ààbò. Àwòrán káàdì oníbàárà tí ó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ohun ìní yín. Ẹ̀rù òfin nìkan kọ́ ló yẹ kó bà yín, oníbàárà tí wọ́n bá lo orúkọ rẹ̀ lù ní jìbìtì kò tún ní gba àwìn lọ́wọ́ yín mọ́.

Kí ìyá wa tó san ìyókù owó ẹ̀rọ tuntun náà, nǹkan kan ló kù. Kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nílé, kí àbúrò rẹ̀ ka ìdajì kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fún ọmọ náà lórí fóònù, kí ọmọ so ìdajì méjèèjì pọ̀, kí ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì ka orúkọ mẹ́ta àti iye gbèsè wọn sí ìyá létí. Bí ohun tí ọmọ kà bá bá ti inú ìwé ẹlẹ́yìn líle mu, kí ìyá sanwó. Bí kò bá ṣeé ṣí, kí ó gbé ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tí ó tà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ó bá sì ti yọrí, kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, kí wọ́n tún un pín, nítorí ọmọ ti mọ odindi rẹ̀.